Tíì Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀

Ọ̀rọ̀ yìí á jáde lónìí. Bó bá wù ú kó gba ẹnu jáde, bó bá wù ú kó gba imú, inú ìyá yìí ò gbà á mọ́. Iṣẹ́ ẹ̀jẹ̀ gbígbà ló ń ṣe nílé ìwòsàn ńlá kan, láti ìgbà tí irun rẹ̀ ti dúdú kirikiri títí tó fi hewú. Àwọn aláìsàn ló sọ ọ́ ní Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀, torí bó bá gún èèyàn lábẹ́rẹ́ tán, olúwarẹ̀ á ṣì máa béèrè pé, "Mà, ìgbà wo lẹ fẹ́ gún mi?" Orúkọ yẹn dùn mọ́ ọn tẹ́lẹ̀. Nísinsìnyí, bí wọ́n bá pè é bẹ́ẹ̀, ṣe ló ń dà bíi pé wọ́n ń bú u. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Kì í sì í ṣe irú àárẹ̀ tí èèyàn ń sùn lé kó lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí à ń wí yìí, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dùbúlẹ̀ sórí àga ní pálọ̀ rẹ̀, ó ká orúnkún mọ́ àyà, ó gbé ike omi gbígbóná lé ìsàlẹ̀ ikùn. Aránṣọ ni ọmọ náà. Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ ló tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn tí ìyá rẹ̀ kú. Láti kékeré ni nǹkan oṣù ti ń dá a wó. Bó bá ti dé, á ju sísọ́ọ̀sì sílẹ̀, á forí lé ẹ̀rọ ìránṣọ, iṣẹ́ oníṣẹ́ á sì wà nílẹ̀. Dókítà tó kọ́kọ́ rí i fura sí àìsàn kan tó jẹ́ pé irú awọ tó tẹ́ inú ilé-ọmọ á máa hù síbi tí kò yẹ kó hù sí, lára ìfun, lẹ́yìn ilé-ọmọ, káàkiri ibẹ̀. Tẹ́lẹ̀, wọn ò lè mọ̀ ọ́n dájú àfi kí wọ́n dá ihò sí ikùn kí wọ́n fi kámẹ́rà wo inú. Ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn àǹtí rẹ̀ ti wá rí ọ̀nà tó rọrùn. Wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n á yẹ ọ̀rá inú rẹ̀ wò. Bí irú ọ̀rá kan bá pọ̀ níbẹ̀, àìsàn wà. Bí kò bá sí, kò sí. Ọmọ náà gbààwẹ̀ bí wọ́n ṣe ní kó ṣe, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, èsì sì jáde pé kò sí nǹkan kan. Wọ́n fagi lé kámẹ́rà. Ọkọ rẹ̀ ní, "Ṣé o rí i? Wọ́n ti kẹ́ ẹ jù nílé yín ni."

"Àǹtí," ọmọ náà wí láti orí àga, "ó jọ pé orí mi ni ò pé o. Bí ẹ̀jẹ̀ ò bá lè parọ́, a jẹ́ pé èmi ni mò ń parọ́."

Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga.

"Orí ẹ pé," ó ní. "Èmi ni mo ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Jọ̀ọ́, jẹ́ kí n sọ ọ́ tán, torí bó o bá dá mi dúró, mi ò ní lè bẹ̀rẹ̀ mọ́. Nígbà tí wọ́n ń wá ọ̀rá yìí, èmi ni mo gba ẹ̀jẹ̀ gbogbo àwọn obìnrin tí wọ́n fi wá a. Àwọn kan ni kámẹ́rà ti rí àìsàn náà lára wọn, àwọn yòókù ara wọn le. Dókítà àgbà kìlọ̀ fún mi pé yàtọ̀ sí omi, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fẹnu kan nǹkan kan, torí ohun téèyàn bá jẹ máa ń yí ọ̀rá ẹ̀jẹ̀ padà. Mo ní, 'Ó yé mi, sà.' Ó sì yé mi o. Kí n má tún lọ parọ́ lé irọ́.

"Àwọn tí ara wọn le á wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín, wọ́n á ká apá aṣọ, mo gbà á, wọ́n lọ. Ṣùgbọ́n àwọn aláìsàn! Hà, ọmọ mi. Wọ́n á tẹ̀ bọ̀ láti ẹnu ọ̀nà bí arúgbó. Àwọn náà ni dókítà tún máa ń fẹ́ bá sọ̀rọ̀ kí n tó gba ẹ̀jẹ̀ wọn, wọ́n á wá jókòó títí. Lọ́jọ́ kan, tíṣà kan dákú mọ́ mi lọ́wọ́. Nígbà tójú ẹ̀ wálẹ̀, ó ní, 'Mà, ẹ jọ̀ọ́, kí n fi nǹkan kan panu.' Mo wo ojú ẹ̀, ìwọ ni mo rí. Mo po tíì fún un, mo da mílíìkì sí i dáadáa, mo fi bọ́tà sí búrẹ́dì. Nígbà tí dókítà bá a sọ̀rọ̀ tán, mo gba ẹ̀jẹ̀ ẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí aláìsàn tó wá tí mi ò fún ní tíì. Wọ́n ń gbàdúrà fún mi. Wọ́n ní ẹsẹ̀ mi ò ní kọ lọ́nà."

"Àwọn tí ara wọn le ńkọ́?" ọmọ náà béèrè.

"Ta ló ráyè tiwọn? Wọn ò sunkún fún mi." Ó nu imú. "Ọjọ́ tí èsì pé, dókítà sáré wọlé, ó ń pariwo pé, 'A ti rí i! Ọ̀rá kan wà lára àwọn aláìsàn, kò sí lára àwọn yòókù!' Ó dì mọ́ mi. Bó ṣe dì mọ́ mi yẹn, agolo mílíìkì ni mò ń wò lórí tábìlì. Lójú ẹsẹ̀ ni mo mọ̀. Mo la ẹnu, ohun tó jáde ni, 'Ẹ kú oríire, sà.' Wọ́n ní igún ṣoore, ó pá lórí. Èmi ṣoore, orí ọlọ́rí ló pá.

"Ìyẹn gan-an ò tíì burú. Ọjọ́ tó o wá, ṣebí èmi náà ni mo gún ẹ lábẹ́rẹ́? O ní, 'Àǹtí, mi ò fẹnu kan nǹkan kan o.' Mo mọ̀ pé ìgbọràn ẹ ló máa jẹ́ kí wọ́n lé ẹ padà sílé. Abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ mi, mo mọ̀ ọ́n, mo sì fà á. Mo tún ní, 'Ọmọ dáadáa.'"

Ọmọ náà gbé ike omi sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó ní, "Tí mo bá ti jẹ búrẹ́dì wá lọ́jọ́ yẹn, wọn ì bá gbà mí gbọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ẹ̀rín pa á. Ẹ̀rín náà dùn ún níkùn, ó di ẹkún. Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ kúnlẹ̀ láti bẹ̀ ẹ́.

"Ẹ má tíì bẹ̀ mí," ọmọ náà wí. "Ṣé èmi nìkan ni wọ́n lé padà sílé ni? Ẹ dìde. Ẹ mú mi lọ sọ́dọ̀ dókítà yín."

Ọkùnrin tó máa ń rẹ́rìn-ín ni dókítà àgbà yẹn. Bí ó ṣe rí wọn ló ti ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwọn wo ló ń gbé ara wọn wọlé báyìí. Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ ò jókòó. Òòró ló dúró tó fi sọ ọ́ látòkè délẹ̀.

"Gbogbo àwọn aláìsàn pátá?" dókítà béèrè.

"Gbogbo àwọn tó wá lẹ́yìn tíṣà yẹn, sà."

"A jẹ́ pé mílíìkì la rí."

"Mílíìkì ni, sà. Àti bọ́tà."

Dókítà bo ojú. "Àwọn tó jẹun wá láìsọ, a ti ṣí ikùn wọn. Àwọn tó gbààwẹ̀, a ní nǹkan kan ò ṣe wọ́n. Yéè! Mà, kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ lọ́jọ́ yẹn? Ǹ bá tún un ṣe."

"Ẹ ti dì mọ́ mi, sà," Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ wí.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n dá àyẹ̀wò náà dúró, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn tí wọ́n ti lé lọ padà. Wọ́n ní kí ìyá náà lọ jókòó sílé títí ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn á fi ké sí i. Kó tó lọ, ó yà sí yàrá ẹ̀jẹ̀ níbi tí àwọn ọmọge tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ wà, ó bọ́ aṣọ iṣẹ́, ó ní, "Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ọmọ. Àánú ò burú. Bó bá di dandan kẹ́ ẹ fún èèyàn lóúnjẹ, ẹ fún un. Àmọ́ ẹ sọ ọ́ o. Ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, kẹ́nikẹ́ni tó dì mọ́ yín."

Nígbà tí wọ́n fi kámẹ́rà wo aránṣọ wa, wọ́n bá nǹkan náà níbẹ̀ rẹpẹtẹ, ó ti lẹ ìfun pọ̀ mọ́ ilé-ọmọ. Bó ṣe lajú lórí bẹ́ẹ̀dì, ohun tó kọ́kọ́ béèrè ni, "Ṣé wọ́n rí i?"

"Wọ́n rí i," àǹtí rẹ̀ wí.

Omi bọ́ lójú ọmọ náà. "Orí mi pé nígbà náà."

"Ó pé. Ṣé mo ti wá lè bẹ̀ ẹ́?"

Ọmọ náà wò ó títí. "Ebi ń pa mí," ó ní. "Ẹ lọ po tíì fún mi ná."

Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ dìde. Kó tó fọwọ́ kan ife, ó kọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ fún ọmọ mi ní tíì," ó ní. "Mílíìkì máa wà nínú ẹ̀ o."