Omijé Tí Kò Gbọdọ̀ Fọwọ́ Nù

Owó ọkọ̀ tí mo san láti Ìdó-Èkìtì dé Ìkọ̀lé lọ́jọ́ náà ì bá bọ́ mi fún oṣù kan nígbà tí mo wà ní yunifásítì. Obìnrin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tó ti Èkó wá sìnkú ìyá wọn. Iwájú mi nínú ọkọ̀ ni wọ́n jókòó.

"Awò ojú ẹ dà? Ará ulé ò ní dá ẹ mọ̀."

"Mo ti ṣiṣẹ́ abẹ ojú, mi ò lo awò mọ́, ẹ̀gbọ́n mi. Ó pé ọ̀sẹ̀ kan lónìí. Wọ́n gé awọ tó bo ẹyinjú bí ìdérí, wọ́n fi iná lésà tún abẹ́ rẹ̀ ṣe, wọ́n sì dà á padà. Oríṣi kejì wà tí wọ́n máa ń họ awọ òkè dànù. Ìyẹn á dunni fọ́jọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n òmíràn á hù. Tèmi ò dùn mí, àmọ́ kò tíì lẹ̀ dáadáa. Bí mo bá fọwọ́ ra ojú, awọ náà lè yẹ̀."

"Ìwọ ẹlẹ́kún yìí! Lọ́la, nídìí pósí ńkọ́?"

"Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Nígbà tó o wà ní kékeré, tó o bá ti sunkún, awò ẹ á ṣú, Màámi á fi etí ìró nù ún fún ẹ."

Obìnrin náà tún ní:

"Jẹ́ kó ṣàn. Ọwọ́ ẹ méjèèjì ni màá dì mú."

Jẹ́ kó ṣàn. Nígbà tí a dé Ìkọ̀lé, mi ò lọ sílé mọ́, mo wọ ọkọ̀ Òkè-Àkọ. Nínú àwa mẹ́rin tí ìyá wa bí, àwa méjì ló kù: èmi, àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé níbẹ̀.