Ẹni Tó Bá Ń Pariwo, A Kì Í Dá A Lóhùn

[Ìyàwó ń pe ìyá ọkọ rẹ̀ láti ibi iṣẹ́ tí wọ́n ti ń lọ aṣọ. Áyọ́ọ̀nù ń ṣe ṣíì.]

ÌYÀWÓ: Hẹ́lò, Màámi, ẹ káàsán o. Ṣé dáadáa ni?

ÌYÁ ỌKỌ: Dáadáa ni, ìyàwó mi, kú iṣẹ́ o. O ò tíì jó aṣọ aláṣọ?

ÌYÀWÓ: Rárá o! Bíńtín ọmọ mi ńkọ́?

ÌYÁ ỌKỌ: Ó ti jẹun. Ó jókòó jẹ́ẹ́ bí onílé.

[Gbì! Gbì! Gbì!]

ÌYÀWÓ: Yéè! Ó ti ń forí gbá nǹkan! Màámi, ọjọ́ keje la wà lónìí o! Àǹtí Tíṣà ń bọ̀ wá wò ó láago mẹ́rin—

ÌYÁ ỌKỌ: Ṣé ìwọ lo fẹ́ sọ fún mi? Ọjọ́ mẹ́fà láì bu ẹnikẹ́ni jẹ, ìràwọ̀ mẹ́fà lára ògiri. Tó bá pé méje, wọ́n á gbà á síléèwé wọn. Ọwọ́ ta ló kún fún àpá eyín nílé yìí?

ÌYÀWÓ: Ta ló wá ń gbá nǹkan gbì gbì yẹn?

ÌYÁ ỌKỌ: Ọkọ rẹ ni, ó ń gbá ilẹ̀kùn.

ÌYÀWÓ: Ọkọ mi?

ÌYÁ ỌKỌ: Ó jáde lọ da ìdọ̀tí nù, tòun ti ṣòkòtò péńpé. Ọmọ rẹ bá yí kọ́kọ́rọ́. Ni ọkọ rẹ bá figbe ta. Mo kẹ̀yìn sí i, n ò fọhùn.

ÌYÀWÓ: Màámi!

ÌYÁ ỌKỌ: Kí ni Àǹtí Tíṣà wí? Ẹni tó bá ń pariwo, a kì í dá a lóhùn. Tó bá béèrè pẹ̀lẹ́, ká fún un lójú ẹsẹ̀. Ó ní gbogbo ilé ló gbọ́dọ̀ pa òfin yìí mọ́. Àbí òfin ò mú onírùngbọ̀n?

[Ohùn ọkùnrin láti ìta: "Ìyá mi! Aládùúgbò ń wò mí o!"]

ÌYÀWÓ: [ń rẹ́rìn-ín] Ẹ gba kọ́kọ́rọ́ náà, ẹ jọ̀ọ́—

ÌYÁ ỌKỌ: Ó dì í mọ́wọ́. Tí mo bá já a gbà, eyín á wọlé, omi á tẹ̀yìn wọ̀gbín lẹ́nu, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ṣé o gbọ́ mi?

ÌYÀWÓ: Mo gbọ́. Ṣé ó ti ń fọwọ́ dití?

ÌYÁ ỌKỌ: Ó ti di etí kan. Ó tún ń já ètè jẹ. Ariwo bàbá rẹ̀ yìí—

ÌYÀWÓ: Bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn! Ẹ má fọwọ́ kàn án o! Páálí tí wọ́n ya ilẹ̀kùn sí ńkọ́, èyí tí Bíńtín fi ń tọrọ pé ká ṣílẹ̀kùn torí kò tíì lè sọ̀rọ̀? Ẹ tì í gba abẹ́ ilẹ̀kùn.

ÌYÁ ỌKỌ: Sí ta?

ÌYÀWÓ: Sí ọkọ mi!

ÌYÁ ỌKỌ: Ẹni tó sọ pé páálí kì í tọ́ ọmọ? Tó sọ pé eré la ń ṣe?

ÌYÀWÓ: Òun gan-an! Kó panu mọ́, kó tì í padà sí ọmọ. Network yìí! Ṣé ẹ gbọ́ mi?

ÌYÁ ỌKỌ: [láti òkèèrè] Bàbá Bíńtín! Gba páálí! Ìyàwó rẹ ní kí o fi tọrọ. Má fọhùn!

[Gbì kan. Ìdákẹ́rọ́rọ́.]

ÌYÀWÓ: Màámi? Ṣé ó bù yín jẹ? Ṣé ẹ gbọ́ mi?

[Ohùn kan nítòsí ìyàwó: "Ẹ̀wù yẹn ń jóná o!"]

ÌYÀWÓ: Sorry, ọ̀gá, ẹ jẹ́ kó jóná! Màámi!

ÌYÁ ỌKỌ: [kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́] Páálí ti wọlé. Ìka kan ló fi tì í, bí ọmọ tí wọ́n kọ́ yanjú. Bíńtín ń wò ó. Ó wo ilẹ̀kùn. Ó wò mí—

ÌYÀWÓ: Ẹ má rẹ́rìn-ín o!

ÌYÁ ỌKỌ: Ta ní ń rẹ́rìn-ín? Ó ti dìde.

[Kà! Ilẹ̀kùn ń dún.]

ÌYÀWÓ: Òun fúnra rẹ̀ ló ṣí i?

ÌYÁ ỌKỌ: Òun ni! Ọkọ rẹ dúró bí àlejò tó ṣìnà. Ó fẹ́ bú ramúramù, mo wò ó, ó gbé e mì. Háà! Bíńtín ń lọ sídìí ògiri... Ó ti mú ìràwọ̀ kan tó kù!

ÌYÀWÓ: Ìràwọ̀ tòní! Kí la fẹ́ fi han Àǹtí Tíṣà?

ÌYÁ ỌKỌ: Bàbá rẹ̀ la ó fi hàn án. Iwájú orí rẹ̀ ló lẹ̀ ẹ́ mọ́. Ó tún ń pàtẹ́wọ́ fún un.

ÌYÀWÓ: Ọkọ mi ńkọ́? Ó wí kí ni? Ṣé ẹ gbọ́ mi?

ÌYÁ ỌKỌ: Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún. Kò pariwo o, ó rọra ń sun ún ni. Ìyàwó mi, irú ìyẹn ńkọ́? Ṣé a lè dá a—

[Fóònù já.]