Aago Ọkọ̀ Purọ́, Èmi Náà Purọ́

Ẹ̀yin ará ìjọ, kì í ṣe ọpẹ́ ni mo dìde láti dá. Ọdún mẹ́rin gbáko ni èmi Ambrose, tí ẹ fẹ́ fi ṣe ìríjú lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ti ń kọrin láàárín yín pẹ̀lú irọ́ lọ́fun. Irọ́ náà ti sọ aláìṣẹ̀ di ẹlẹ́wọ̀n. Bí mo bá parí ọ̀rọ̀ mi tí ẹ ní kí n jáde, màá jáde. Ṣùgbọ́n òtítọ́ ni yóò kọ́kọ́ jáde.

Gbogbo yín lẹ mọ Pijó funfun mi. Lọ́dún 1975, nígbà tí ìjọba fi kún owó oṣù wa, kò sí òṣìṣẹ́ ìjọba kan ní Súrùlérè tí kò ra ọkọ̀. Ojú bẹ̀rẹ̀ sí í tì mí pé tèmi ti jọ ti gbogbo ayé. Mo bá gbọ̀nà Èbúté Mẹ́ta lọ sọ́dọ̀ Túbọ̀sún, ọkùnrin kan tó ń ta wíìlì òkèèrè tí wọ́n ń pè ní alóì, tó ń dán bíi jígí. Èyí tó tóbi jù lọ ni mo nawọ́ sí. Túbọ̀sún mirí. Ó ní, "Ọ̀gá, èmi ni mò ń tà á, ṣùgbọ́n n ò ní tàn yín. Èyí ga ju wíìlì Pijó lọ. Bó bá yí po lẹ́ẹ̀kan, ilẹ̀ tó máa gbà á ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, aago tó ń ka eré ọkọ̀ ò sì ní mọ̀. Bó bá ka ọgbọ̀n máìlì fún yín, ẹ yáa mọ̀ pé ẹ ti kọjá ọgbọ̀n. Sìtíárìn á wúwo, bíréèkì á pẹ́ kó tó mú, bẹ́ ẹ bá sì ṣẹ́ kọ́nà líle, táyà á máa ha mọ́gáàdì tó bò ó." Mo ní, "Ṣé á ṣáà máa dán?" Ó ní á dán. Mo ní kó dè é. Ẹ gbọ́ o! Ohun tí ọkùnrin tó kàwé jáde ní yunifásítì bèèrè nìyẹn.

Yẹ̀kínnì ni dẹ́rẹ́bà mi, ọmọ Mushin, ẹni jẹ́jẹ́ tó ti wakọ̀ fún ọdún mọ́kànlá láìgbá adìyẹ. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tó fi wá bá mi. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ọkọ̀ yìí ò gbọ́ tèmi mọ́. Bí ẹni ń fa màlúù ni. Lánàá ní Ojúẹlẹ́gbà, mo yí i, ó ha gààrà, kò fẹ́ yí tán." Mo jágbe mọ́ ọn pé bí kò bá mọ ọkọ̀ ọlọ́lá wà, kó padà síbi tó ti ń wa lọ́rì. Ọ̀rọ̀ aago tí Túbọ̀sún sọ, mi ò fi tó o létí. Kí ló máa ná mi? Gbólóhùn kan péré! Ṣùgbọ́n ìgbéraga kò jẹ́ kí n gbà fún dẹ́rẹ́bà pé mo ti ba ọkọ̀ ara mi jẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù keje, òjò ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀, a ń lọ sí ìpàdé ní Iganmu. Mo ti pẹ́, mo sì ń pariwo láti ìjókòó ẹ̀yìn pé, "Yẹ̀kínnì, ṣé òkú lò ń gbé ni?" Ó ní, "Ọ̀gá, ọgbọ̀n ni wọ́n ní ká má kọjá, ọgbọ̀n náà la sì wà. Ẹ wo aago." Mo wò ó. Mo mọ̀ pé aago ń purọ́. Mo dákẹ́ nítorí irọ́ náà gbè mí. Ibẹ̀ ni nọ́ọ̀sì kan nínú aṣọ funfun ti sọ̀dá. Yẹ̀kínnì tẹ bíréèkì, ó yí sìtíárìn pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Mo gbọ́ ọ fúnra mi, gààrà! Táyà gbá mọ́gáàdì mú, ọkọ̀ kò yà. Ó gbá ọmọbìnrin náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó sì fọ́ eegun itan rẹ̀. Rosaline ni orúkọ rẹ̀.

Ọlọ́pàá mú Yẹ̀kínnì. Èmi ńkọ́? Wọ́n ní, "Ọ̀gá, ẹ máa gbé ọkọ̀ yín lọ. Lọ́la ni ẹni tó ń yẹ ọkọ̀ wò máa wá." Nítorí pé mo wọ kóòtù, mo so táì! Oòrùn kò tíì wọ̀ lọ́jọ́ náà tí mo fi dé ọ̀dọ̀ Túbọ̀sún. Mo ní kó tú alóì kúrò, kó dá wíìlì àtijọ́ padà, kó fi òòlù lu ibi tí táyà ti ha, kó sì kùn ún lọ́dà. Ó bi mí pé, "Ọ̀gá, dẹ́rẹ́bà yín ńkọ́?" Mo ní kó gbájú mọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ẹni tó wá yẹ ọkọ̀ wò ní kò sí ohun tó ṣe é.

Nílé ẹjọ́, ọlọ́pàá tó wọn ojú ibi tí bíréèkì ti mú ní eré náà ju ọgbọ̀n lọ dáadáa. Yẹ̀kínnì búra pé ọgbọ̀n ni aago kà. Àwọn èèyàn fi í rẹ́rìn-ín. Adájọ́ bi mí bóyá nǹkan kan yí padà lára ọkọ̀ náà. Ẹ̀yin ará, Bíbélì wà lọ́wọ́ mi. Mo ní, "Rárá, olúwa mi. Bí mo ṣe rà á ló wà. Eré sísá ti mọ́ dẹ́rẹ́bà mi lára." Yẹ̀kínnì pariwo, "Ọ̀gá! Wíìlì ńlá ńkọ́?" Wọ́n ní kó panu mọ́. Ọdún kan ààbọ̀ ló fi ṣẹ̀wọ̀n, wọ́n sì gba láísẹ́ǹsì rẹ̀.

Ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi nílé ìwòsàn Ìdí-Àràbà. Nọ́ọ̀sì tó wá wẹ egbò mi ń wọ́ ẹsẹ̀ kan nílẹ̀. Rosaline ni, òun ló sì kọ́kọ́ dá mi mọ̀. "Dádì, ẹ̀yin lẹ gbé èso wá fún mi nígbà tí ẹsẹ̀ mi kán! Ẹ ṣeun o. Dẹ́rẹ́bà yín yẹn, gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ yìí bá ń ro mí ni mò ń ṣépè fún un." Ó ń sọ ọ́, ó sì rọra ń nu ikùn mi bí ìgbà tí ọmọ ń tọ́jú bàbá. Mi ò lè gbójú sókè wò ó.

Bí mo ṣe lè rìn ni mo lọ sí Mushin. Yẹ̀kínnì ń fọ ọkọ̀ àwọn ẹlòmíràn, òun tí wọn ò jẹ́ kó wakọ̀ mọ́. Nínú yàrá rẹ̀, lójú Àmúdàtù ìyàwó rẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Inú bí i. Ó ní, "Ẹ dìde, ọ̀gá! Ta ló ń rí yín níbí? Ṣé inú yàrá mi lẹ ti purọ́ mọ́ mi? Ìyá mi kú nígbà tí mo wà lẹ́wọ̀n. Ó kú, ó gbà pé ọmọ òun ló fi eré àsápajúdé ṣe ọmọ ọlọ́mọ léṣe. Ẹ lọ sọ ọ́ níbi tí wọ́n ti ń gbà yín gbọ́!"  Ilẹ̀kùn ni Àmúdàtù ṣí fún mi.

Ìdí tí mo fi dìde nìyí, ìdí tí mo sì fi ránṣẹ́ pe òun àti Rosaline wá síbí lónìí. Lọ́la, mo ń lọ sọ ọ́ fún adájọ́, kí wọ́n ṣe mí bí wọ́n ṣe fẹ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá fẹ́ kí ọkọ̀ yín dán, iyẹn kò burú, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ti ẹni tó bá ń wà á, ẹ má sì jẹ́ kí ẹlòmíràn ru ẹ̀ṣẹ̀ fáàrí yín. Nọ́ọ̀sì Rosaline, mo rí yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé níbẹ̀ yẹn. Ẹ̀yin náà ti gbọ́ ọ. Èmi ni, kì í ṣe òun. Ọ̀gbẹ́ni Yẹ̀kínnì, ẹ̀yin tí ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí ẹ kọ̀ láti jókòó, mo ti sọ ọ́ lójú gbogbo ayé. Bí ó bá ku ibì kan tí ẹ tún fẹ́ kí n ti sọ ọ́, ẹ dárúkọ ibẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, bí ọkàn yín bá lè gbà á, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí.