Orúkọ Mi Kì Í Ṣe Àìsàn

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, Ọlọ́run tó mọ orúkọ kálukú wa, tí kì í sì í ṣì wá pè, òun ni mo wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀ yìí. Ẹ bá mi gbé E ga!

Ẹ mọ̀ mí. Ọṣẹ dúdú ni mo ń kiri ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. Igbá kan fún ọṣẹ, igbá kejì fún kànìnkànìn. Ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò fi ń pè mí ní Bàbá Onígbáméjì. N kò kàwé jìnnà. Orúkọ yẹn ni sátífíkéètì mi.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ní àkókò òjò yìí, mo dé ẹnu ọ̀nà Ìyá Rìsíkà, oníbàárà mi àtijọ́. Bí mo ti polówó, gbàgà! ó tilẹ̀kùn. Ó yọjú lójú fèrèsé.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ìjọba ló ní a kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹ wọlé."

"Ìjọba wo? Kí ni mo ṣe?"

"Wọ́n ní ẹ ti pa èèyàn ní àdúgbò kejì. Ẹ jọ̀ọ́, mo lọ́mọ nílé."

Ilé tó tẹ̀ lé e, bákan náà. Ní ilé kan, wọ́n fi ìgbálẹ̀ gbá ipa ẹsẹ̀ mi! N kò ta ẹyọ ọṣẹ kan. Ebi wá mọ orúkọ mi ju oníbàárà lọ. Kódà nínú ìjọ yìí, arákùnrin kan tí n kò ní dárúkọ, tó jókòó sẹ́yìn òpó níbẹ̀ yẹn, ìgbọ̀nwọ́ ló fi kí mi.

Mo gbààwẹ̀. Mo ní, "Olúwa, fi ẹni tó ba orúkọ mi jẹ́ hàn mí!" Bí mo ti ṣe Àmín tí mo gbé igbá jáde, mo gbọ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn:

"Onígbáméjì ti wọ ìlú o! Ẹ má jẹ́ kó wọlé yín!"

Àdúrà gbà! Wolé-wolé ni, ọ̀dọ́bìnrin kan láti ọ́fíìsì ìlera ìjọba ìbílẹ̀.

"Arábìnrin, ta ni mo pa?"

"Bàbá, kí lorúkọ yín?"

"Èyí tí ẹ ń bà jẹ́ káàkiri náà ni!"

Ẹ̀rín pa á títí ó fi fara ti ògiri. Ó ní onígbáméjì ni àwọn àgbà ń pe kọ́lẹ́rà, àrùn tó ń fi ìgbẹ́ gbuuru àti èébì gbẹ omi ara èèyàn.

"Kí lẹ gbé sínú igbá?"

"Ọṣẹ."

Ó yọjú wo inú igbá. "Bàbá, wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ ọṣẹ?"

Mo ní ẹ̀rín kọ́ ni mo bá wá, ìdájọ́ ni mo fẹ́: ohùn tó bà mí jẹ́ ni kó tún mi ṣe, lójú àwọn tó lé mi. Ó gbà. Ẹnu ọ̀nà Ìyá Rìsíkà la kọ́kọ́ dúró sí.

"Ẹ se omi yín kó hó kí ẹ tó mu ún! Ẹ fi ọṣẹ fọwọ́ kí ẹ tó jẹun, àti bí ẹ bá ti ilé ìgbẹ́ dé! Ẹni tó bá ń ṣu gbuuru, ẹ tètè gbé e lọ sílé ìwòsàn! Bàbá yìí kì í ṣe àrùn. Ohun tí a fi ń lé àrùn ló gbé dání!"

Ìyá Rìsíkà ṣílẹ̀kùn. "Subhánállà! Bàbá, ẹ foríjì mí. Ẹ fún mi ní ọṣẹ, èyí tó tóbi."

"Ṣé ìjọba ti ní kí n wọlé?"

"Ẹ wọlé, kí ẹ tún jókòó!"

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, igbá méjèèjì ti ṣófo. Ẹ̀yin ará, onígbáméjì fẹ́ wọlé wa, onígbáméjì ló dínà mọ́ ọn! Ẹ bá mi yọ̀, ẹ bá mi jó!

Arákùnrin ẹ̀yìn òpó, igbá ọṣẹ mi wà lẹ́nu ọ̀nà. Lẹ́yìn oore-ọ̀fẹ́, ọwọ́ gidi ni a ó fi kí ara wa lónìí, bí ẹ bá ti fọ tiyín tán.