Àwo Púdìnì tí Mo Gbà Lọ́wọ́ Rowena

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nílé ìsìn, ẹ̀yin tí a jọ ń fọ ife tíì lẹ́yìn ìwàásù, ẹ gbé ife kalẹ̀ ná. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ àwọn dókítà fẹ́ la àyà mi, n kò sì fẹ́ kí wọ́n ṣí i tán kí wọ́n wá bá ọ̀rọ̀ yìí níbẹ̀, kó ká jọ bí ejò. Ó sàn kó jáde láti ẹnu èmi Mavis Sugden fúnra mi. Ọ̀rọ̀ Rowena ni, ọmọ tí Gillian ọmọ mi bí. Àwọn oúnjẹ tí a kà léèwọ̀ fún un, tí ìdajì yín náà ti torí rẹ̀ ṣíwọ́ búrẹ́dì jíjẹ, irọ́ ni mo fi kà wọ́n léèwọ̀, ẹnu mi yìí náà ni mo sì fi dúró níwájú yín jẹ́rìí sí i. Ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán, ẹ óò wá bú mi ní àbúgbádùn.

Ẹ rántí bí Rowena ṣe rí kó tó lọ sí yunifásítì, ọmọ tó ń sáré gun òkè ẹ̀yìn ilé wa débi pé àgùntàn ń yà fún un lọ́nà. Ibà kan dá a dùbúlẹ̀ níbẹ̀. Ibà lọ, àárẹ̀ kò lọ. Nígbà tó padà wálé, bó bá fọ irun lónìí, ọ̀la di ti bẹ́ẹ̀dì. Bó bá rìn dé ẹnu géètì, ó di ọjọ́ mélòó kan kó tó tún lè jókòó. Dókítà sọ orúkọ àìsàn náà fún wa, ó ní àárẹ̀ tí kì í tán bọ̀rọ̀ ni, ó sì ní kò tíì sí oògùn tó ń lé e lọ. Èmi aláìmọ̀kan wá sọ lọ́jọ́ kan pé nígbà tí mo wà lọ́mọdé bíi tirẹ̀, mo ti ń dúró ti ẹ̀rọ ìhunṣọ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ọmọ náà wò mí láti orí ìrọ̀rí, ó ní, "Màmá àgbà, tó bá jẹ́ pé mo lè dúró ni, mi ò bá lọ dúró ti ẹ̀rọ yẹn fún yín." Ó yẹ kí n ti panu mọ́ láti ọjọ́ náà. Àmọ́ ẹnu mi dà bí ìdí mi ni, kò sí àga tó gbà á.

Gillian wá gbọ́ pé ilé iṣẹ́ kan wà tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò láti mọ oúnjẹ tí ara ènìyàn kò gbà. Wọ́n fi páálí kékeré kan ránṣẹ́ sí wa, abẹ́rẹ́ péńpé méjì ló wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú pépà tí a óò kán ẹ̀jẹ̀ sí. Gillian ń sáré lọ síbi iṣẹ́, ó ní kí n ṣe é kí n sì jù ú sínú àpótí lẹ́tà pupa tó wà níkóríta kí ọkọ̀ lẹ́tà tó wá kó o. Mo di ọwọ́ Rowena mú, ó tutù bí ẹja. Mo gún un, ẹ̀jẹ̀ tó jáde kò ju ojú èèrà lọ. Mo fi abẹ́rẹ́ kejì gún un, ìyẹn gan-an gbẹ. Ọmọ náà ń sunkún láìpariwo, torí pé ẹkún pàápàá máa ń rẹ̀ ẹ́, àfi bó ṣe sùn lọ bẹ́ẹ̀ tí ìka rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ta ni yóò jí irú ọmọ bẹ́ẹ̀? Mo sọ̀ kalẹ̀ wá sí kíṣìnnì, mo fọ abọ́ sínú omi gbígbóná kí ara mi lè balẹ̀. Ibi tí mo ti ń fọ̀ ọ́ ni mo rí i pé ọwọ́ mi pupa, ó sì sanra, ẹ̀jẹ̀ kún inú rẹ̀ bámú. Mo wí lọ́kàn mi pé ṣebí ẹ̀jẹ̀ ìdílé kan náà ni. Èmi ni mo bí ìyá rẹ̀. Kí ni ìyàtọ̀? Mo mú abẹ́rẹ́ ìránṣọ mi, mo fi iná jó ẹnu rẹ̀, mo gún ìka ara mi, ẹ̀jẹ̀ tú bí ìgbà tí páìpù bẹ́. Sálúbàtà inú ilé ni mo wọ̀ sáré dé ibi àpótí pupa náà.

Èsì dé. Wọ́n ní kó má jẹ àlìkámà, kó má jẹ ẹyin, kó má mu mílíìkì, kó má fẹnu kan ìwúkàrà, wọ́n tún fi ẹ̀wà tútù àti mọ́sítádì kún un. Ó dà bíi pé ẹnì kan yọjú sínú ìkòkò mi, ó sì ka ohun tó bá níbẹ̀. Mo la ẹnu láti jẹ́wọ́. Gillian ti rọ̀ mọ́ mi lọ́rùn, ó ń sunkún ayọ̀, ó ní èmi ni mo gba ọmọ òun là. Ó ti pẹ́ tí ọmọ mi ti dì mọ́ mi bẹ́ẹ̀. Mo pa ẹnu dé.

Ohun tó wá dà mí lórí rú títí di òní ni pé ara ọmọ náà yá. Ìrẹsì, ẹran àgùntàn, kárọ́ọ̀tì àti ápù nìkan ló ń jẹ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí jókòó, ó ń rẹ́rìn-ín, ó tilẹ̀ bá wa wá sílé ìsìn. N kò mọ ohun tí mo lè rò mọ́. Ṣé irọ́ máa ń wo ènìyàn sàn ni? Ṣé òótọ́ ni pé ẹ̀jẹ̀ wa jẹ́ ọ̀kan? Ṣé èmi gan-an ló yẹ kí n má jẹ búrẹ́dì ni, èmi tí mo ti ń jẹ ẹ́ láti ìgbà tí mo ti hu eyín títí mo fi ra eyín? Mo dán an wò, ápù nìkan ni mo jẹ láti àárọ̀. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, inú mi kùn débi pé ológbò jáde nílé. Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e ni mo dìde láàárín yín tí mo jẹ́rìí. Enid, ìwọ tó máa ń fi kéèkì pamọ́ sínú àpò lọ sílé, o ní o kò jẹ ẹ́ mọ́ láti ọjọ́ náà. Mo rí ojú rẹ bó o ṣe ń wo àwo kéèkì, mo sì gbé e kọjá lọ́dọ̀ rẹ.

Kò pẹ́ tí àárẹ̀ náà fi padà dé. Gillian kò fura sí èsì náà rárá, ó ní á jẹ́ pé oúnjẹ kan ṣì kù tó ń ṣe é léṣe. Ó yọ ìrẹsì kúrò. Nígbà tó yá, ó yọ ápù. Egungun ọrùn Rowena yọ síta bí ìkọ́ ẹ̀wù, ó sì ń gbóòórùn oúnjẹ kó tó tọ́ ọ wò bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fún ní májèlé. Èmi tí mo mọ̀, mo ń wò. Lójoojúmọ́ ni mò ń sọ pé màá sọ ọ́ lọ́la.

Ó wá di Ọjọ́ Ìsinmi kan. Gillian lọ sílé ìsìn, èmi ń ṣe púdìnì tiwa tí a máa ń jẹ ṣáájú ẹran, èyí tí a ń fi ìyẹ̀fun àlìkámà, ẹyin àti mílíìkì ṣe nínú ọ̀rá tó ń hó, ó wú nínú ààrò bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ afunfèrè. Òórùn rẹ̀ gun òkè lọ bá Rowena. Mo gbọ́ ọ tó ń fi ìdí wọ́ bọ̀ lórí àtẹ̀gùn, nítorí ẹsẹ̀ kò gbé e. Ó jókòó sí tábìlì, ó gbé ọ̀kan sínú àwo, ó da omi ẹran sí kòtò àárín rẹ̀. Ó ní, "Màmá àgbà, ẹ jẹ́ kí n jẹ ọ̀kan péré. Ebi ń pa mí." Fọ́ọ̀kì ti dé ẹnu rẹ̀ nígbà tí ọkàn mi sọ fún mi pé bó bá jẹ ẹ́ tí kò sì ṣe é ní nǹkan kan, Gillian á bi mí léèrè ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ yẹn. Mo gba àwo náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo ní, "Òdòdó mi, májèlé ni fún ẹ. Ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ."

Ó rọra gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú, Màmá àgbà." Òun ló bẹ̀ mí. Ó tún fi ìdí wọ́ padà sókè. Ẹ̀yin ará, kí ẹ má baà rò pé ibi tó burú jù nìyẹn: mo dúró nídìí síńkì, mo jẹ púdìnì ọmọ náà tán, mo fi ìka nu omi ẹran inú àwo. Mo ní kó má baà ṣòfò.

Lọ́sẹ̀ yẹn ni páálí mìíràn dé. Gillian fẹ́ mọ èyí tó kù tí òun lè yọ, bẹ́ẹ̀ kò sí nǹkan kan tó kù. Ó gbé e síwájú mi, ó ní, "Màámi, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ ṣe é, ọwọ́ yín ni ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ti wá níjọ́sí." Ojú mi lọ sára abẹ́rẹ́ ìránṣọ. Ká má purọ́, mo ti nawọ́ mú un. Àmọ́ Rowena wúkọ́ lókè, ikọ́ náà sì tín-ínrín bíi ti ọmọ ọwọ́. Mo ju abẹ́rẹ́ sílẹ̀, mo pe Gillian gòkè lọ sídìí bẹ́ẹ̀dì, mo sì jẹ́wọ́ fún àwọn méjèèjì.

Gillian kò pariwo. Ì bá ṣe pé ó pariwo ni, ì bá sàn fún mi. Ó ní, "Ọmọ mi ń gbẹ lójú yín, Màámi, ẹ sì ń bá mi ka ohun tí kò gbọdọ̀ jẹ." Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ. Rowena ni ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀yin gan-an ni wọ́n ní kẹ́ ẹ má jẹ púdìnì?" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ yí padà, ó bi mí pé ìgbà tí ara òun yá díẹ̀ yẹn ńkọ́, kí ló fà á. N kò mọ̀. N kò mọ̀ di ìsinsìnyí. Obìnrin tó ń rí sí oúnjẹ aláìsàn ní ilé ìwòsàn ní irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ kò lè sọ ohun tó ń rẹ ọmọ náà, ìbáà jẹ́ ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ gan-an ni. Ó ní àìsàn yìí máa ń fà sẹ́yìn, ó sì máa ń padà wá fúnra rẹ̀. Ó ní kí á kọ́kọ́ bọ́ ọ kí ó sanra, kí a dá oúnjẹ padà díẹ̀díẹ̀.

Ẹ dárí jì mí, ẹ̀yin ará. Enid, lọ jẹ kéèkì rẹ, jẹ tèmi mọ́ ọn. Ẹ̀yin ọmọdé, bí irọ́ yín bá ṣe bí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ rere, ìgbà náà gan-an ni kí ẹ bẹ̀rù rẹ̀. Gillian kì í bá mi sọ̀rọ̀ ju ti iyọ̀ àti kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn lọ, n kò sì dá a lẹ́bi. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá mo gbé púdìnì gòkè fún Rowena, mo sì jókòó sórí àga títí ó fi jẹ ẹ́ tán. Ó sùn lẹ́yìn rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Àárẹ̀ náà ṣì wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé àwo náà padà dé ìdí síńkì, Rowena kò ṣẹ́ nǹkan kan kù sínú rẹ̀ fún mi.