Ohun Tó Mú Ọkọ Mi Kọ Ìwé

Ojú ìwé kan ṣoṣo ló kù. Bọ̀dá Káyọ̀dé, ẹ̀gbọ́n màmá mi, fẹ́ tún ìwé tí bàbá wọn tó ti dolóògbé kọ lórí ìtàn ìlú wa tẹ̀. Ilé ìtẹ̀wé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Nyanya, l’Abuja, ni wọ́n gbé e wá, torí pé èmi ni mo ń to ìwé níbẹ̀ kó tó dórí ẹ̀rọ. Ọ̀gá mi sì ti ní tí gbogbo ẹ̀ ò bá pé kí aago mẹ́rin tó lù lónìí, iṣẹ́ ẹlòmíì ló kàn. Ojú ìwé tó kù ni “Ohun tó mú òǹkọ̀wé kọ ìwé yìí”. Bọ̀dá ti kọ nǹkan sí i. Wọ́n ní kí n lọ kà á sétí Màmá, ìyá wọn, ní Karu, kí Màmá ṣáà sọ pé bẹ́ẹ̀ ló rí, ká fi orúkọ Màmá sí ìsàlẹ̀ bí ẹlẹ́rìí. Mo kà á. Màmá ní kí n kọ́kọ́ jókòó. Mo gbé fóònù sórí tábìlì kó máa gba ohùn wọn sílẹ̀. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ nìyí.

Tún un kà fún mi… “Lórí òkè kan ní Ushafa, nígbà tí bàbá wa wà nínú ààwẹ̀ àti àdúrà, ni ohùn kan ti bá wọn sọ̀rọ̀ pé, Ìwọ ọkùnrin yìí, dìde, kọ ìtàn àwọn baba ńlá rẹ.” Hẹ̀n-ẹ́n. Ohùn. Ṣé ohùn náà ò tún sọ irú bébà tí wọ́n máa lò ni?

Ọkọ mi tí kò lè gbààwẹ̀ kọjá aago mẹ́wàá àárọ̀! Ushafa tí Káyọ̀dé ń wí yìí, ẹ̀ẹ̀kan péré ni bàbá rẹ̀ débẹ̀. Ìkòkò ló lọ rà fún mi níbi tí wọ́n ti ń mọ ọ́n. Ìkòkò náà jò. Ohùn tó gbọ́ lọ́jọ́ yẹn, ohùn tèmi ni.

Ó dáa, gbọ́. Nígbà tí ẹsẹ̀ mi ṣì ń gbọ́ràn sí mi lẹ́nu, Bùsọ́lá, ìyẹn nígbà tí ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó àwọn òṣìṣẹ́ wọn láti Èkó wá síbí, Abuja ò rí báyìí rárá. Karu tí a wà yìí, igbó ló wà lẹ́yìn ilé. Tí o bá gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ Yorùbá lójú ọ̀nà, ṣe lo máa sáré bá a, o ò ní bi í pé ọmọ ta ni. Nísinsìnyí ńkọ́? Ẹ pọ̀ débi pé ẹ ń gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan náà, ẹ ò mọ orúkọ ara yín.

Ìdí nìyẹn tí àwa ọmọ ìlú wa fi dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Nyanya la ti ń ṣèpàdé, nínú pálọ̀ Tísà Ògúnlékè. Tísà yìí ti fẹ̀yìn tì nílé, ó wá ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Ẹ̀yin ti òde òní, tí ẹ bá fẹ̀yìn tì, fóònù lẹ ó máa tẹ̀. Nígbà tiwa, ìwé ni wọ́n ń kọ. Ẹni tí iṣẹ́ bá ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò rí alààyè tó máa pàṣẹ fún mọ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í pàṣẹ fún àwọn òkú.

Ó di ọjọ́ ìpàdé kan, Tísà gbé ìwé jáde. Ìtàn ìlú wa. Kò tilẹ̀ jẹ́ ká gbàdúrà tán. Ó wọ awò rẹ̀, ó ń kà. Ẹni tó tẹ ìlú dó, baba ńlá tiẹ̀ ni. Ta ni ìbá tún jẹ́? Ó wá kan Òkè-Àpáta, agbo ilé ọkọ mi. Ó ní baba ńlá wọn bá wọn wá lóòótọ́. Ó ní òun ló ru ẹrù.

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín o. Ẹnì kan tiẹ̀ sọ látẹ̀yìn pé, “Abájọ tí ọrùn wọn fi ki!” Ọkọ mi, tí ọrùn rẹ̀ ki lóòótọ́, rọra gbé ìgò mínírà rẹ̀ sílẹ̀. Mo ní, yéè, a ti dáràn.

Ohùn tó bá a sọ̀rọ̀ nìyẹn. Kò sí òkè kankan níbẹ̀. Inú pálọ̀ ni, ní Nyanya, àga sì ń dún jìnkìn lábẹ́ àwọn tó ń rẹ́rìn-ín.

Nínú bọ́ọ̀sì tó ń gbé wa padà bọ̀, ó ní, “Ìyá Káyọ̀dé, èmi, alágbàárù?” Mo ní, “Baba ńlá yín ló pè bẹ́ẹ̀, kò pè yín.” Ó ní, “Kí ló wà nínú ẹrù náà? Ìyẹn ni kò kọ! Kí ló wà níbẹ̀?” Awakọ̀ wẹ̀yìn. Ó rò pé ẹrù wa ló sọnù.

Bó ṣe di òǹkọ̀wé nìyẹn. Tó bá ti ti ọ́fíìsì dé, kò ní tíì bọ́ tai tó fi máa dórí tábìlì. Ọbẹ̀ mi á tutù, á dì. Obìnrin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa nígbà yẹn, ọmọ Gbàgyí, Màmá Ladi. Orí ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ni wọ́n kọ́ ilé tí a háyà sí. Á yọjú lójú fèrèsé, á ní, “Sànnu, Mama Kayode. Oga still dey write? Na who e dey write letter give?” Mo ní, “Na him great-grandfather.” Ó ní, “Kai! The man go reply?”

Mo rẹ́rìn-ín títí. Àmọ́ nígbà tó lọ tán, mo rò ó. Ọkùnrin méjì ń jà lórí ẹni tó kọ́kọ́ dé ìlú tí ìkankan nínú wọn ò gbé mọ́. Orí ilẹ̀ ta ni wọ́n wá dúró sí tí wọ́n fi ń jà á? Ilẹ̀ Màmá Ladi. Màmá Ladi tí àwọn èèyàn rẹ̀ kọ́kọ́ dé ibí lóòótọ́, kò kọ ìwé kankan. Kúnú mímu ló ń tà.

Ìwé wá parí. Ẹrù tí baba ńlá rù ti di àpótí adé. Ṣé o rí ọgbọ́n? Wọn kì í gbé àpótí adé fún ẹni tí wọn ò fọkàn tán, nítorí náà òun gan-an ni olórí wọn. Mo ní, “Bàbá Káyọ̀dé, ta ló sọ èyí fún yín?” Ó ní ìwádìí ni. Ìwádìí! Èmi ni mo jókòó tì í. Àfi tó bá jẹ́ ògiri ló ń bi. Ó wá kọ ọ́ síwájú ìwé náà pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń wá bẹ òun kí òun kọ ọ́. Inú ilé kan náà la wà o, Bùsọ́lá. Yàtọ̀ sí ẹni tó ń wá ka mítà iná, n ò rí ẹni tó kanlẹ̀kùn. Ẹ̀bẹ̀ yẹn ni Káyọ̀dé wá rò pé kò tó, ló bá gbé bàbá rẹ̀ gorí òkè.

Ìyẹn ṣì dáa. Mo lè fi ìyẹn rẹ́rìn-ín. Èyí tó kù ni n ò lè fi rẹ́rìn-ín…

Ṣé o mọ̀ pé tí èèyàn bá fẹ́ ṣe ẹni àkọ́kọ́ tipátipá, á wá ẹni tí yóò fi ṣe ìkẹyìn? Ọkọ mi ò jẹ́ kí n mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n fi ìwé náà lọ́lẹ̀ ni mo gbọ́ ọ, bí gbogbo ayé ṣe gbọ́ ọ. Jídé, àbúrò mi ọkùnrin, wá láti ilé, ó jókòó tì mí, ó di ẹ̀bùn mọ́ra fún àna rẹ̀. Ẹni tó ń ka ìwé wá dórí Ìsàlẹ̀-Odò. Ilé bàbá mi nìyẹn. Ó ní ebi ló lé àwọn ará Ìsàlẹ̀-Odò dé ìlú. Wọ́n dúró lẹ́yìn odi, wọ́n ń sunkún, Òkè-Àpáta ló ju iṣu sísun sí wọn tí wọ́n fi di èèyàn.

Wọ́n jù ú sí wọn. Bí ẹní ju egungun sí ajá. Bàbá mi tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà mí lé e lọ́wọ́! Èmi tí mo ti ń sun iṣu fún un láti ọjọ́ tó ti gbé mi níyàwó!

Jídé dìde. Ó bi mí pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ mọ̀ sí i?” Mo ní n ò mọ̀. Kò gbà. Ta ló máa gbà? Ilé tí wọ́n ti kọ ọ́ ni mò ń sùn. Ó gbé ẹ̀bùn rẹ̀, ó jáde. Láti ọjọ́ yẹn, àbúrò mi ò jẹun nílé mi mọ́. Nígbà tí ọkọ mi kú, ó wá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ká fìlà rẹ̀ mọ́wọ́, ó kí mi. Mo gbé omi fún un. Kò mu ún.

Kí lo rò pé òun náà ṣe nígbà tó délé? Ìwé ló kọ! Tínrín báyìí. Ó ní iṣu sísun náà, oko Ìsàlẹ̀-Odò ni Òkè-Àpáta ti jí i. Ó sì kọ ọ́ síwájú pé Ẹ̀mí ló darí òun. Ẹ̀mí ọ̀hún mà kúkú níṣẹ́ lọ́wọ́ nílùú kékeré yẹn o.

Tí ẹnì kan bá bi ọ́ pé kí ló ń mú àwọn òǹkọ̀wé kọ̀wé, má darí rẹ̀ sí òǹkọ̀wé. Ní kó lọ bi ìyàwó rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé àwọn kan wà tí ohùn bá sọ̀rọ̀ lóòótọ́, n ò bá wọn gbé. Mo gbọ́ pé ẹ̀yin ti òde òní, fóònù lẹ ń ní kó bá yín kọ ọ́. Kò burú. Fóònù ò kúkú ní àna.

Pe Káyọ̀dé fún mi. Ṣí ohùn rẹ̀ síta.

Mo pe Bọ̀dá.

“Ẹ káàsán, Màmá. Ṣé Bùsọ́lá ti kà á fún yín? Ó dùn, àbí?”

“Ó dùn. Ó kù díẹ̀ kí n bú sẹ́kún. Káyọ̀dé, ṣé iṣu ṣì wà nínú ìwé yẹn?”

“Iṣu? Iṣu wo, Màmá?”

“Èyí tí wọ́n jù sí bàbá mi.”

“Màmá, ìtàn nìyẹn. A kì í yí ìtàn padà. Ohun tí Dádì ti kọ, wọ́n ti kọ ọ́.”

“O káre. Òkè Ushafa ńkọ́? Ṣé Dádì kọ ìyẹn náà?”

“Màmá, èèyàn ńláńlá ló ń bọ̀ wá bá wa fi ìwé yìí lọ́lẹ̀. Ṣé ká wá sọ fún wọn pé torí wọ́n fi Dádì rẹ́rìn-ín ni?”

“Òtítọ́ mà ni. Àmọ́ n ò ní dójú tì ọ́, ọmọ mi. Yọ iṣu kúrò, èmi náà á gbọ́ ohùn. Tí iṣu bá wà níbẹ̀, màá gba makirofóònù lọ́jọ́ náà, màá sọ ọ̀rọ̀ pálọ̀ Nyanya. Màá sọ ti ọrùn.”

“Màmá, ẹ má sọ ti ọrùn.” Ọrùn Bọ̀dá gan-an ò kéré.

“Ọwọ́ ẹ ló wà.”

Bọ̀dá wá ní, “Bùsọ́lá, yọ ọ́.”

“Ibi mélòó, sà?”

“Gbogbo ibi tí iṣu bá wà,” Màmá dáhùn.

Ibẹ̀ ni mo ti yọ ọ́ lórí kọ̀ǹpútà tí mo gbé dání, lójú Màmá, mo fi orúkọ wọn sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé tó kù, mo fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀gá mi kí aago mẹ́rin tó lù. Màmá wá gbé fóònù, wọ́n pe Jídé, àbúrò wọn. Wọ́n wọ yàrá lọ, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Nígbà tí wọ́n jáde, ohun tí wọ́n sọ nìyí:

Ayé ti yí, Bùsọ́lá. Tẹ́lẹ̀, a máa ń parọ́ ká lè jẹun. Ní báyìí, mo parọ́ kí ẹlòmíì lè wá bá mi jẹun. Ìwé ti wà lórí ẹ̀rọ. Kò sí iṣu nínú ẹ̀. Ọkọ mi gbọ́ ohùn lórí òkè, èmi sì ni ẹlẹ́rìí rẹ̀. Jídé gbé fóònù. Ó ní kí n fi ìwé náà ránṣẹ́ ná, kí òun fi ojú ara òun rí i. Kò sọ pé òun ń bọ̀. Kò sì sọ pé òun ò ní wá.