Fọ́tò Táyé Tí Ìyá Òkèhò Ń Kí Láràárọ̀

Ẹ̀yin òǹkàwé, ọ̀rọ̀ kan wà lọ́rùn mi tí mi ò lè gbé dé sàréè. Mi ò sọ ọ́ fún ìyàwó mi, mi ò sọ ọ́ fún àlùfáà ìjọ wa. Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ mí ló yá mi lára láti sọ ọ́ fún, nítorí ìkejì màmá mi wà lórí àìsàn, wọ́n sì ti bẹ̀ mí ní ohun kan tí kò jẹ́ kí n sinmi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tèmi.

Ìbejì ni màmá mi. Àwọn ni Táyé. Kẹ́hìndé wọn, tí a ń pè ní Ìyá Òkèhò, wà nílé ọkọ l'Ókèhò. Wọ́n jọra débi pé bàbá mi gan-an a máa ṣì wọ́n pè. Bí wọ́n ti dàgbà tó, aṣọ kan náà ni wọ́n ń rà. Màmá mi kò sì ya fọ́tò rí.

Tíṣà ni mí ní Ṣakí nígbà náà, àpọ́n ni mí. Nígbà tí ìjọba fi kún owó oṣù wa, mo ní kámẹ́rà ni n ó rà. Màmá mi yọ̀. Wọ́n ní, "Èmi ni kí o kọ́kọ́ yà o, kí o gbé e fún Kẹ́hìndé. Ó ní òun ń fẹ́ máa rí ojú mi tí òun bá jí."

N'Íbàdàn, ọkùnrin tó ń ta kámẹ́rà gbé méjì síwájú mi. Ọ̀kan dúdú, ó wúwo, kò dùn ún wò. Èkejì ń dán, bí èèyàn bá sì ti tẹ̀ ẹ́, fọ́tò ti jáde. Ó ní, "Tíṣà, ẹ mú èyí tó wúwo. Ẹ ó rí fíìmù rẹ̀ rà lọ́dọ̀ yín. Bébà ti èkejì yìí, àfi kí ẹ tún padà wá síbí." Mo fajú ro. "Ṣé ará oko lo rí mi sí ni?" Èyí tó ń dán ni mo mú. Háà, ìgbéraga!

Mo dé Ṣakí, mo di àpéwò. Mo ya ara mi lórí kẹ̀kẹ́. Mo ya nọ́ọ̀sì kan tí mo ń wá ojúure rẹ̀. Ó ní òun ò rẹ́rìn-ín dáadáa, mo tún un yà, mo tún un yà. Oko iṣu ni màmá mi wà. Mo ní tí wọ́n bá dé, a ó yà.

Wọ́n dé. Wọ́n wẹ̀, wọ́n lé tìróò, wọ́n wọ òfì tí àwọn àti Kẹ́hìndé jọ rà n'Ísẹ́yìn, wọ́n jókòó lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n gbé ọwọ́ lé orúnkún. Bébà ti tán.

Ẹ jọ̀ọ́, ojú tì mí. Mi ò lè sọ pé ara ọmọge ni mo ná an tán sí. Mo tẹ kámẹ́rà òfìfo náà, iná rẹ̀ kọ mànà, màmá mi ṣẹ́jú, wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo parọ́ pé ó dìgbà tí wọ́n bá fọ̀ ọ́ n'Íbàdàn.

Gbogbo ọjọ́ ọjà ni wọ́n ń bi mí pé, "Tíṣà, fọ́tò mi ò tíì dé?" N ó ní ó ń bọ̀. Ẹ̀rùn yẹn náà ni ibà gbé wọn lọ.

Mo padà lọ ra èyí tó wúwo. Nígbà tí Ìyá Òkèhò wá wò wá lẹ́yìn ọ̀fọ̀, òfì yẹn ni wọ́n wọ̀. Mo yà wọ́n lẹ́nu ọ̀nà kan náà, lórí àga kan náà, ọwọ́ lórí orúnkún bí gbogbo àgbàlagbà ti í ṣe. Nígbà tí wọ́n fọ̀ ọ́ tán, mo ní ìmọ́lẹ̀ ba tiwọn jẹ́, mo wá gbé e lé wọn lọ́wọ́ pé ti màmá mi ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Wọ́n gbà á, wọ́n fi mọ́ àyà. "Ẹ̀jìrẹ́ mi! Táyé mi rèé!"

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń kí i láràárọ̀. Bí wọ́n bá se ẹ̀wà, wọn a bu díẹ̀ síwájú rẹ̀. Èmi náà, bí mo bá dé Òkèhò, n ó tẹjú mọ́ ọn, n ó máa wá màmá mi níbẹ̀. Ẹ̀rín màmá mi máa ń tẹ̀ sápá kan. Kò sí níbẹ̀. Àárò wọn ń sọ mí, mi ò sì ní ibì kankan tí mo ti lè wo ojú wọn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ìyá Òkèhò dì mí lọ́wọ́ mú. Wọ́n ní, "Tíṣà, bí mo bá kú, ẹ tẹ́ Táyé sí mi láyà kí ẹ tó bò mí. Mi ò fẹ́ dá lọ."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n sọ fún wọn pé ojú ara wọn ni wọ́n ń kí láti ọjọ́ yìí? Àbí kí n dákẹ́, kí n tẹ́ ẹ sí wọn láyà, kí wọ́n sì dá lọ?